Ògiri Bọ̀dá Mọ́tótó

Ẹnu Màmá ló kọ́kọ́ bí mi nínú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn o, nítorí wọn ò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹnu náà gan-an ni mò ń wí.

Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ayé. Orí wọn wú lápá kan, ọwọ́ òsì wọn wà nínú báńdéèjì, wọ́n sì fa aṣọ ìbora dé ihò imú. Nọ́ọ̀sì gbé tíì wá. "Màmá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yanu díẹ̀." Wọ́n mi orí. Nígbà tí òùngbẹ wá pọ̀ jù, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gba kọ́ọ̀pù, wọ́n tẹ orí wọ abẹ́ aṣọ, wọ́n sì mu tíì náà níbẹ̀ bí ẹni tó jí i. Aṣọ yẹ̀ díẹ̀, mo sì rí i. Ètè wọn ti rì wọnú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ti jìn, kò sí eyín kan ṣoṣo níbẹ̀.

"Eyín wọn dà?" mo bi nọ́ọ̀sì.

"Bí wọ́n ṣe gbé wọn wá nìyẹn, mà. Ọmọ wọn ní látìgbà tí wọ́n ti ṣubú ni wọn ò ti lè sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà sì yẹ̀ wọ́n wò títí, kò rí ohun tó dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

"Ọmọ wọn yìí, ìgbà wo ló wá síbí gbẹ̀yìn?"

Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. "Kò tíì wá, mà. Ó ń fóònù. Ó ní ọwọ́ òun dí nílé."

Ṣìọ̀! Ẹ má bínú, bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ní àgọ́ ọlọ́pàá wa, Ìyá Ṣìọ̀ ni wọ́n ń pè mí, lẹ́yìn mi ni o, kò sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò lójú mi. Iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni mò ń ṣe, ohun tí mo sì ti rí nílé àwọn ènìyàn ló sọ ẹnu mi dà báyìí. Sájẹ́ńtì tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí bísíkíìtì kì í tán lápò rẹ̀, ló sọ pé:

"Ọ̀gá, àgbàlagbà tí kò léyín, kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tuntun níbẹ̀?"

"Nu ẹ̀rún kúrò létè ẹ ná. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti tán tipẹ́, tí kò fi nǹkan kan rọ́pò, kò ní máa tijú ẹnikẹ́ni mọ́. Màmá yìí ń tijú. Eyín àtọwọ́dá ni wọ́n ń wọ̀, kò sì tíì pẹ́ tó sọ nù. Ibo ló wà?"

Ọ̀rọ̀ náà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún wa lágọ̀ọ́, kò le rárá. Ọmọ Màmá ọkùnrin ní òun gbọ́ igbe láti bálùwẹ̀ níjẹta, òun sáré dé ibẹ̀, òun sì bá obìnrin tí òun gbà pé kó máa tọ́jú Màmá níbi tó ti di orí wọn mú, tó ti tì wọ́n lulẹ̀. A ti mú obìnrin náà. Lọ́la ni wọ́n máa gbé e lọ sí kóòtù, láti ibẹ̀ ó di ẹ̀wọ̀n kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó sì ní ọmọ ọwọ́ nílé tí kò tíì já lẹ́nu ọmú.

Mo gba àhámọ́ lọ bá a. Àhámọ́ wa ń rùn. Mo ti sọ fún Ọ̀gá wa tó ń ṣe olórí àgọ́ títí, etí ikún ló kọ sí i. Obìnrin náà jókòó sí igun kan, iwájú aṣọ rẹ̀ tutù níbi tí omi ọmú ti ń ṣẹ̀ jáde, ó ti gbẹ, ó tún ti tutù, ó ti ń kan. Ó rí mi lára. Kì í ṣe nítorí tiẹ̀, nítorí àwa tá a jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ?"

"Ará ilé wa, mà. Wọ́n ní kò gba ìgò."

"Nu ojú ẹ, kó o dá mi lóhùn. Ta ló máa ń fi eyín Màmá sí i fún wọn?"

Ó gbójú sókè wò mí. Kò tíì sẹ́ni tó bi í ní ìyẹn. "Èmi ni, mà. Èmi nìkan ni wọ́n máa ń jẹ́ kó rí ẹnu wọn. Tá a bá fẹ́ fọ̀ ọ́, wọ́n á ní kí n ti ilẹ̀kùn ná. Ìyàwó ọmọ wọn gan-an ò rí i rí."

"Níjẹta ńkọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́, mo fi sí i fún wọn, wọ́n wá jẹ búrẹ́dì. Búrẹ́dì ọ̀hún ti gbẹ. Wọ́n ní tá a bá fún àwọn ní òkúta, àwọn á fọ́ ọ. Èmi àti ìyàwó ilé rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà, ìyàwó jáde, èmi kó aṣọ lọ sá lẹ́yìnkùlé. Mo kàn gbọ́ 'gbì!' Mo rò pé ilẹ̀kùn aládùúgbò ni. Kò pẹ́ rárá, Bọ̀dá, ọmọ wọn, ń pariwo pè mí. Mo gba kíṣìnnì wọlé, mo bá Màmá nílẹ̀ bálùwẹ̀, mo gbé orí wọn lé itan mi. Ni Bọ̀dá bá ní, 'Kí lo fi ìyá mi ṣe?' Ó tì mí mọ́ ibẹ̀ títí àwọn ọlọ́pàá fi dé."

"Ilẹ̀ bálùwẹ̀ tutù?"

"Ó gbẹ, mà. Èmi ni mo nù ún láàárọ̀."

"Nígbà tó o gbé orí wọn, ṣé eyín wà lẹ́nu wọn?"

"Kò sí, mà. Mo wá a nílẹ̀, mi ò rí i. Mo wá fi ìborùn mi bò wọ́n lẹ́nu kí Bọ̀dá má baà rí wọn bẹ́ẹ̀."

Mo jáde. Sájẹ́ńtì ń tẹ̀ lé mi, ó ń jẹun lọ.

"Ṣé o gbọ́?" mo bi í. "Ẹni tó ti ìyá arúgbó lulẹ̀ ṣì ráyè bo ẹnu rẹ̀ nítorí ìtìjú?"

"Ó lè jẹ́ pé irọ́ ló ń pa, Ọ̀gá."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká lọ wá eyín."

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ọkùnrin náà ní Bọ̀dá Mọ́tótó, mo sì mọ ìdí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó wọlé. Ó fi tíṣù di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó da ohun kan tó ń ta imú sí wa lọ́wọ́. Ó fún wa ní ọ̀rá, ó ní ká fi bọ ẹsẹ̀, ká má baà kó ìta wọlé. Ẹsẹ̀ Sájẹ́ńtì ò gba ọ̀rá, ó fà á títí tó fi ya. Bọ̀dá Mọ́tótó wo ọ̀rá tó ya náà bíi pé a tọ̀ sílẹ̀ ilé rẹ̀.

Ilé náà funfun débi pé ojú ń dun ènìyàn. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pálọ̀, ike omi ọṣẹ wà níwájú rẹ̀, ó ń nu ìlà pípọ́n kan tó ga dé ìbàdí ènìyàn.

"Kí nìyẹn?" mo béèrè.

"Ọwọ́ Màmá ni, mà," ó dáhùn wẹ́rẹ́. "Wọn ò lè rìn láìfọwọ́ ra ògiri. Ìpara tí wọ́n ń fi pa oríkèé ọwọ́ ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn."

"Mo ti sọ fún wọn," ni Bọ̀dá Mọ́tótó ní. "Ọ̀pá ìtìlẹ̀ wà. Wọn ò lò ó."

Ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù láti ìjẹta. Ó ń ráhùn lórí ìlà ọwọ́. Mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kí n má baà sọ ohun tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nǹkan mìíràn sì wà nínú ilé náà. Òórùn ọ̀dà tuntun ló kọ́kọ́ kí wa, ó pọ̀, ó ń fún ọ̀fun. Àmọ́ lábẹ́ rẹ̀, òórùn kejì wà, ó dùn díẹ̀, ó wúwo, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Nǹkan kan ti kú níbì kan.

"Gọ́tà ni," ni ọkùnrin náà sọ kí n tó béèrè.

Ẹni tó dáhùn kí wọ́n tó bi í, ẹ mọ̀ ọ́n. Mo tẹ̀ lé imú mi yí pálọ̀ po títí mo fi dé igun tó wà lẹ́yìn àga gígùn. Mo fi ìka kan ògiri. Pó, pó, pó. Ògiri ilé náà kì í ṣe bíríkì. Bọ́ọ̀dù ni, ẹfun tí wọ́n tẹ̀ sáàárín bébà líle méjì, tí wọ́n fi síkúrù kàn mọ́ igi níwájú, tí wọ́n tún kan òmíràn mọ́ ọn lẹ́yìn. Àárín méjèèjì ṣófo. Mo rò ó pé aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ló wà níbẹ̀, tàbí ohunkóhun tó fi lu ìyá rẹ̀.

"Sájẹ́ńtì, gbé ayùn wá látinú mọ́tò."

"Ẹ ò lè ṣe ìyẹn!" ọkùnrin náà pariwo.

A ṣe é. Sájẹ́ńtì gé ojú kan sísàlẹ̀ ògiri, tó tó kí ọwọ́ wọlé, ó fa bọ́ọ̀dù náà yọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbà mí. Òórùn náà jáde bí ẹni tí wọ́n ti tì mọ́lé láti ọjọ́ pípẹ́. Eku ni. Eku ńlá kan, ikùn rẹ̀ ti bẹ́, ìdin ń hó nínú rẹ̀ bí ìrẹsì tó wà lórí iná, díẹ̀ nínú wọn sì ń já bọ́ sórí ilẹ̀ funfun náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sájẹ́ńtì, tí mi ò rí kó kọ oúnjẹ rí, di ẹnu mú, ó sáré jáde. A gbọ́ ọ látìta. Gbogbo bísíkíìtì àárọ̀ náà ló dá padà.

"Mo fi oògùn eku síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni Bọ̀dá Mọ́tótó wí. Kò wo eku náà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ẹ wo ògiri mi! Háà! Ògiri mi!"

Ó fóònù Ọ̀gá wa. Mo gbọ́ Ọ̀gá láti ibi tí mo dúró sí. Nígbà tó gbé fóònù fún mi, ohun tí Ọ̀gá sọ kò gùn: kí n bẹ ọkùnrin náà, kí n máa bọ̀, nítorí ó ti dájú pé obìnrin yẹn ló ṣe é, kóòtù sì ń dúró dè wá lọ́la.

Ojú tì mí, mi ò ní parọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti rí mi lára nínú iṣẹ́ yìí, àmọ́ lọ́jọ́ náà, èmi gan-an rí ara mi lára. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kó eku náà sínú ọ̀rá ẹsẹ̀ mi, ó ṣe tán, èmi ni mo tú u síta. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà bóyá òmíràn kù. Mo rí ìgbẹ́ eku, mo rí síkúrù tí àwọn tó kọ́ ilé náà jù sílẹ̀, mo rí ìdérí ìgò kan, gbogbo wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mo ń wò wọ́n. Inú ògiri yìí kò ní àjà, kò ní ibi tí nǹkan lè rọ̀ mọ́. Ohunkóhun tó bá já bọ́ sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri ló ń sùn sí, kò sì sẹ́ni tó ń lọ wò ó.

Mo dìde. Mo yí ohùn padà, mo fi oyin sí i.

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Mo ti ba ilé dáadáa jẹ́. Mo mọ akunlé kan, màá ní kó wá tún un ṣe fún yín."

"Akunlé?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tutọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó lè tutọ́. "Kí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ilé mi? Ọwọ́ mi ni mo fi ń ṣe ògiri mi."

"Ẹ̀yin? Ògiri bọ́ọ̀dù yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Iṣẹ́ yẹn le. Ojú ibi tí wọ́n bá lẹ̀ máa ń hàn."

"Ti tèmi kì í hàn."

Ìyàwó rẹ̀ ṣíwọ́ nínù. Ojú rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá Màmá, ó sì tún padà sínú ike omi. Ó yá bí ẹni ṣẹ́jú. Mo rí i.

"Ó dáa, ẹ fi ọ̀kan hàn mí," mo ní. Mo ti ń rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ní ìlà ọwọ́ Màmá, ó pọ́n ráúráú láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Ẹ̀gbẹ́ òsì funfun láti igun dé igun, kò sí ìka kankan lára rẹ̀.

Ó tẹ̀ lé mi wá, ara rẹ̀ kò lélẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ń yún un. "Níbí yìí ni fíríìjì ti lu ògiri lóṣù tó kọjá, nígbà tá a gbé e wọlé. Ṣé ẹ rí ojú ẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan! Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Ó sì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ̀rín á pa yín. Ó ní wọ́n máa ń gé etí ihò náà kó gún régé. Wọ́n á ki igi pẹlẹbẹ sẹ́yìn, wọ́n á fi síkúrù mú un, wọ́n á kan bọ́ọ̀dù tuntun mọ́ igi náà. Téèpù á bo etí rẹ̀ yíká. Lẹ́yìn náà pọ́tì, ẹfun pípò tí wọ́n fi ń dí ojú ògiri. Pọ́tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ o, kì í ṣe kíki, kí àkọ́kọ́ gbẹ kí wọ́n tó fi ìkejì lé e, kí wọ́n tó fi sáńpépà ha á. Ọ̀dà àkọ́kùn ló kàn, èyí tí bébà máa mu. Ọ̀dà gidi ló máa gbẹ̀yìn, wọ́n á sì kùn ún láti igun dé igun, nítorí tí wọ́n bá kun ojú ibẹ̀ nìkan, ó máa dá yàtọ̀.

"Ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ?"

"Ẹni tó bá ń kánjú kò ní rí i ṣe dáadáa."

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà ní ibi tó ga dé èjìká mi. Màmá ò ga jù mí lọ. Ibẹ̀ tutù, ó tutù ju ibi tó yí i ká. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, èékánná mi wọlé bíi pé bọ́tà ni.

"Lóṣù tó kọjá kẹ̀?" mo ní. "Pọ́tì ibí yìí ò tíì gbẹ. Kíki lẹ sì kùn ún. Ẹ ń kánjú."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi rí ọ̀nà. "Tàkọ́kọ́ sán. Mo tún un ṣe lánàá. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ìyàwó mi, sọ fún wọn. Kí ló lu ògiri yìí?"

"Fíríìjì ni," ni ìyàwó wí látòkèèrè. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ó ti bọ́, tàbí ó rò pé òun ti bọ́. Ẹni tó tún ògiri ṣe lánàá kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Sájẹ́ńtì ti wọlé, ojú rẹ̀ funfun, ó ń nu ẹnu. Mo ní kó gbé ayùn.

"Ọ̀gá," ó ní lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, "ṣé a ò ní bá eku mìíràn?"

"Tó bá jẹ́ eku, èmi ni màá jẹ ẹ́."

Bọ̀dá Mọ́tótó na apá méjèèjì síwájú ògiri rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ibí yìí, iṣẹ́ yín ti tán lónìí! Ọ̀gá yín ti sọ̀rọ̀!"

Òótọ́ ló sọ. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, iṣẹ́ mi lọ, obìnrin tó wà ní àhámọ́ náà sì lọ, ọmọ rẹ̀ á sì kọ́ ìgò ní tipátipá. Mo tì í sápá kan. "Má ṣe gé ibi tó lẹ̀ o," mo sọ fún Sájẹ́ńtì. "Ẹsẹ̀ ògiri ni kó o gé, lábẹ́ rẹ̀ gan-an."

Ó yọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi dí ẹsẹ̀ ògiri, ó gé bọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀, eruku funfun bo bàtà wa. Mo dùbúlẹ̀ sórí ikùn, mo ti ọwọ́ bọ inú òkùnkùn náà. Mo kan ẹ̀rún bọ́ọ̀dù tí wọ́n gé. Mo kan òkìtì pọ́tì tó já bọ́, ó tutù, ó sì ń fà bí ikun. Mo kan òkú aáyán. Lẹ́yìn náà mo kan nǹkan tó le, tó tẹ̀ kọdọrọ, tó ń dán. Mo fà á jáde.

Eyín ni, tòkè pẹ̀lú erìgì rẹ̀ pupa, ó ń wò wá, ìyẹ́ aáyán àti pọ́tì lára rẹ̀. Mo tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fa tìsàlẹ̀ jáde.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ dún. Ó ti wá sẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, kàǹkàn ìnulẹ̀ ń ro omi lọ́wọ́ rẹ̀. "Eyín Màmá!" ó ní. "Wọ́n fi rẹ́rìn-ín lójú mi níjẹta. Wọ́n fi jẹ búrẹ́dì. Wọ́n ní àwọn á fọ́ òkúta."

"Níjẹta," mo ní. Mo yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ti tán lọ́rọ̀ wa. "O gbọ́ ìyàwó ẹ? Níjẹta ló wà lẹ́nu ìyá ẹ. O ní láti oṣù tó kọjá lo ti dí ògiri yìí, o kàn tún ojú ẹ̀ ṣe lánàá ni. Báwo ni eyín ṣe kọjá nínú ògiri tó ti dí?"

"Ọmọ yẹn! Olùtọ́jú yẹn ló gbá wọn mọ́ ọn!"

"Mọ́ ibí? O sọ fún ọlọ́pàá pé bálùwẹ̀ ni. O sì rí ihò yìí, tí o kò dárúkọ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló dí i? Ọmọ yẹn wà lákàtà wa láti ìjẹta. Ṣé láti inú àhámọ́ ló ti ń ha sáńpépà?"

Mo ṣáà ń wò ó. Mo ti rí àwọn tó pa ènìyàn nítorí ilẹ̀ àti nítorí obìnrin, wọn ò rí mi lára tó èyí. Ó fa ìyá rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí bálùwẹ̀, ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sí ọmọ ẹlòmíràn lọ́rùn, ó wá padà wá po pọ́tì. Kò ráyè lọ wo ìyá rẹ̀ ní ọsibítù, ògiri ló ń tọ́jú. Ohun tó sì dà á kò ju ìmọ́tótó rẹ̀ lọ. Ó gé ihò náà, ó ki igi bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, kò tan iná wò ó, nítorí aáyán àti ìgbẹ́ eku wà níbẹ̀, ó sì kórìíra ìdọ̀tí.

"Jókòó," mo sọ fún un.

Ó wo àga. Eruku ti bà lé e. Ó dúró sórí ìdúró títí Sájẹ́ńtì fi ki ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Nígbà tá a mú un dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, mo rò pé ó fẹ́ béèrè ìyá rẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi fi omi nu ibi tí pọ́tì wà," ó ní. "Ó máa wú."

Ṣìọ̀.

A tú obìnrin náà sílẹ̀ kí oòrùn tó rọ̀. Ilé ló kọ́kọ́ sáré lọ. Nígbà tó máa fi bá mi ní ọsibítù, ọmọ ti sùn lọ fọnfọn lẹ́yìn rẹ̀, ikùn rẹ̀ yó. Ní ti eyín, mo mọ̀ pé ẹ̀rí ni. Sájẹ́ńtì ya fọ́tò rẹ̀ títí, dókítà eyín wò ó, ó fọwọ́ sí i pé ti Màmá ni, èmi sì fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí mi ò lè gbàgbé aáyán yẹn. Ọ̀gá pariwo pé àgọ́ ló yẹ kó wà. Mo ní kó lọ gbà á lẹ́nu Màmá fúnra rẹ̀.

Olùtọ́jú fa kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì ká. Èmi àti Sájẹ́ńtì kọ ẹ̀yìn, a dúró síta. A gbọ́ omi nínú kọ́ọ̀pù, a gbọ́ nǹkan tó dún 'kẹ́ẹ́', lẹ́yìn náà ohùn kan tí kò tíì sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú ọsibítù náà:

"Ṣé ọmọ ti mu ọmú?"

"Ó ti mu, Màmá."

"Sọ fún ọlọ́pàá yẹn kó wọlé."

Mo wọlé, Sájẹ́ńtì tẹ̀ lé mi. Wọ́n ti jókòó. Ojú wọn ti padà sí ojú ènìyàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti kún, wọ́n sì fi aṣọ ìbora sí ẹsẹ̀ níbi tó yẹ kó wà.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ẹ̀gbẹ́ òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn tán ni," wọ́n ní, wọn ò dúró kí n béèrè. "Òòyì kọ́ mi, mo fọwọ́ ti ògiri kí n má baà ṣubú. Ó já ọwọ́ mi kúrò lára ẹ̀, ó sì tì mí. Ẹ̀gbẹ́ ojú mi wọnú ògiri lọ. Ó fà mí jáde. Mo rò pé orí mi ló fẹ́ wò." Wọ́n mi orí. "Ihò yẹn ló ń wò. Ó ní, 'Màmá, ẹ rí bí ẹ ṣe ba ògiri mi jẹ́.'"

Olùtọ́jú bú sẹ́kún. Ṣìọ̀ gan-an ò wá sẹ́nu mi. Màmá ń fi ìka ọwọ́ tó dáa tún etí bẹ́ẹ̀dì ṣe.

"Ṣé ó ti dí i?" wọ́n béèrè.

"Ó dí i, Màmá. Ó kùn ún láti igun dé igun. Àmọ́ àwa ti tún un gé nísàlẹ̀, a sì ti dá òmíràn lu sí pálọ̀. A rí eku níbẹ̀. Sájẹ́ńtì bì sí ẹnu ọ̀nà."

Wọ́n wo Sájẹ́ńtì láti òkè dé ilẹ̀. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ẹkún ni, mo fẹ́ pe nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rín títí bẹ́ẹ̀dì fi ń dún, wọn ò sì fi ọwọ́ bo ẹnu.